Ẹ Tún Sún Mọ́ Òrùka Yẹn

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Ìyàwó bọ́ òrùka rẹ̀ sórí aṣọ dúdú, níwájú kámẹ́rà gàgàrà Àǹtí Fọ́tò.

"Àǹtí, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa o! Kí àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i lórí fóònù. Ọkọ mi ní èmi gan-an ni wọ́n rọ ọ́ fún."

Ọkọ ìyàwó ń làágùn lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí i lára.

Látìgbà tó ti wọlé, kò tíì wo ojú Àǹtí Fọ́tò.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀," ló ń wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ fara balẹ̀, sà."

Àǹtí Fọ́tò yí gíláàsì pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Òrùka wú bí táyà mọ́tò.

Ó tún yí òmíràn lé e.

Ó séèmí, ó ń rọra ti kámẹ́rà síwájú díẹ̀díẹ̀. Béèyàn bá sún mọ́ nǹkan tó báyìí, tọ́wọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á di kùrukùru.

Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ohun tó pamọ́ lójú èèyàn, kedere ni lójú gíláàsì.

Ìyàwó tẹjú mọ́ àwòrán tó yọ lójú kọ̀ǹpútà Àǹtí Fọ́tò. "Kí ló ha á lára báyìí? Ṣebí tuntun ni?"

"Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn!" Ọkọ ìyàwó ti sáré dáhùn.

Àǹtí Fọ́tò rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Rárá o, ìyàwó. Èmi ni mo fi òrùka yẹn ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, lọ́jọ́ kejì tí ọkọ rẹ fi í sí mi níka."