Àga Afeez

Lọ́dọọdún, kí ìdíje bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń wọlé sórí fóònù Àlímátù pé wọ́n ti tún sanwó àga tí Afeez ọmọ rẹ̀ fi ń wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré fún ọdún mìíràn. Á forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, á sì fi lára ọsàn tó ń tà ní Zuba ṣe sàráà fáwọn ọmọdé.

Ọ̀nà aṣálẹ̀ ni Afeez gbà lọ sí Líbíà, wọn ò sì gbóhùn rẹ̀ mọ́. Usamah tí wọ́n jọ lọ ti padà dé. Ó wá kí wọn lẹ́ẹ̀kan, òun àti Bàbá Afeez jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì lọ láìfẹnu kan oúnjẹ. Bàbá Afeez ní ó sọ pé ojú ọ̀nà làwọn ti pínyà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé.

Àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ránṣẹ́ pé ó tó kí àlùfáà ṣe fìdáù fún ọmọ náà. Àlímátù kọ̀ jálẹ̀.

"Òkú kì í sanwó àga," ló máa ń wí.

Tọ́rọ̀ bá ti débẹ̀, Bàbá Afeez á fa ọ̀pá rẹ̀ tó fi rọ́bà táyà wé nídìí, á tiro jáde. Lọ́dún tó kọjá, Garki ló wà, níbi tó ní òun ti fẹ́ ra irin ẹ̀rọ ìlọta, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè é láti ròyìn iṣẹ́ náà. Ó ní àlùhámúdù, ó ní ọkọ̀ ń pariwo, ó sì pa fóònù.

Lọ́dún yìí ni Ruqoyyah, àbúrò Afeez, tó ń bá lọ́yà kan ṣiṣẹ́, ka iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀rọ ló ń ṣe é o. Bí ọdún bá ti yí, á fa owó yọ nínú káàdì ẹni, onítọ̀hún ì báà sùn. Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi oníkáàdì. A máa gba owó Bọ̀ọ̀dá mi padà ni."

Àlímátù ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó kírun àsùbáà tán, orí ẹní ló wà títí oòrùn fi là. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, kí ló wá ń dúpẹ́ fún látọjọ́ yìí?

Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ni àga náà ní Garki, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ lọ, Ruqoyyah ka òfin sílẹ̀ fún Abọ́sẹ̀dé, akọ̀wé tó ń gbowó ní fèrèsé. Abọ́sẹ̀dé ò jiyàn. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ díẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, àǹtí. Àmọ́ ti yín kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, káàdì náà ò ṣiṣẹ́. Èèyàn ló ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sanwó níbí."

Àlímátù di etí fèrèsé mú.

"Ìwọ lo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé ó ga? Ṣé ó léjí?"

Abọ́sẹ̀dé rọra mi orí, ó ní rárá, bàbá arúgbó kan tó ń tiro ni, tó fi rọ́bà táyà wé ìdí ọ̀pá rẹ̀, tó sì máa ń bẹ òun pé fóònù ìyá ọmọ ni kí òun fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí.