Gáráńtì Ọdún Kan

Ọkùnrin kan wà tó ń ta bátìrì ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìfowópamọ́. Ọ̀gá Bátìrì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti wà nílé ọkọ ló ń bá a jókòó ti ọjà. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń yangàn láyé: bátìrì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó lọ nìyẹn, kì í padà wá.

Àfi ti Màmá Tíṣà.

Obìnrin yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó ra bátìrì kan, ó gba káàdì gáráńtì ọdún kan, ó sì kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, takisí já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tòun ti bátìrì.

"Ọ̀gá Bátìrì, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan yín rèé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e délé, kò tíì gbé ọkọ̀ kankan kúrò lójú kan."

Ojú ti Ọ̀gá Bátìrì. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi mítà kàn án. Agbára kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú.

"Bátìrì yìí ò ṣàìsàn o, mà."

"Bóyá ọ̀dọ̀ yín ló ti ń ṣe ọmọlúàbí," ni Màmá Tíṣà dáhùn. "Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, kì í ṣe nǹkan kan."

Gáráńtì kì í jiyàn. Ó pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí takisí tún fi dé. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá Tíṣà jókòó sórí àga, ó sì ń sọ ìtàn ọmọ iléèwé rẹ̀ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun ti kú, kí wọ́n má ṣe retí òun lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá Bátìrì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè nídìí ìwé ọjà. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákàtí méjì.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi ná," ni Ọ̀gá Bátìrì máa ń wí. "A kì í da ọ̀rọ̀ bo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn-àjò dé."

Ọmọ rẹ̀ á kàn wo àjà.

Nígbà tó di ìgbà karùn-ún, ọmọ náà fi ìka kan orí bátìrì. "Bàbá mi, ẹ wò ó, ó ń dán bí ìgbà tó kúrò lọ́wọ́ wa. Kò sí ibi tí wáyà ti họ ọ́."

"Onímọ̀ọ́tótó ni wọ́n. Ṣebí olùkọ́ ni."

"Àbí ọkọ̀ gan-an ló ń ṣàìsàn?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a lára mu. Ó yíjú sí Màmá Tíṣà. "Mà, ẹ ò ṣe gbé ọkọ̀ náà wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ọkọ̀ tí kò lè gbéra ni kí n gbé wá?"

Ọ̀gá Bátìrì pààrọ̀ bátìrì.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń yí lọ. Nígbà tó ku ọ̀la kí gáráńtì parí, Màmá Tíṣà dé pẹ̀lú bátìrì, ṣùgbọ́n kò bá ìtàn kankan wá. Káàdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀la ló parí," ló wí.

"Ọ̀la ni, mà."

"Tí kò bá tún ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ọ̀gá Bátìrì wo ilẹ̀. "Á jẹ́ pé kò sí ohun tó tún ń gbé yín wá síbí mọ́ nìyẹn."

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí takisí fi gbé e lọ. Ọ̀gá Bátìrì gbé oúnjẹ ọ̀sán síwájú, kò lè jẹ ẹ́. Ó ń rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

"Bàbá mi," ni ọmọ rẹ̀ wí, "kò sí nínú káàdì pé ẹ ò lè lọ yẹ ọkọ̀ wò nílé oníbàárà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Bátìrì kó sípánà àti mítà sínú àpótí irinṣẹ́. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì funfun yìí lẹ fẹ́ fi wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

"Òun ló wà nítòsí."

Ilé Màmá Tíṣà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́, gáréèjì onílẹ̀kùn pákó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà rí àpótí irinṣẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo wá wo ọkọ̀ náà ni, mà. Ohun tó ń bá bátìrì mi jà, òní ni n ó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jókòó ná, kí ẹ mu omi."

"Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ yá." Ó ti dé ẹnu gáréèjì.

"Ọ̀gá Bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè gbó tó tí mi ò ní rí ọ̀nà gbé e gbà," ló wí, ó sì fa ilẹ̀kùn náà.

Àga méjì ló wà nínú gáréèjì náà, wọ́n kọjú síra wọn nídìí tábìlì kékeré kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé, lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì funfun báláú tí táyà ọkọ̀ kankan kò tẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà.