Ẹni Tó Wá Ran Lájídé Lọ́wọ́

Ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù tí Lájídé ti ń gé irin, kò sì sí èyí tó gba àwòrán irin tí èkejì bá yà. Títún un yà ti sú u. Ilé ìwòsàn ń retí irin ẹ̀rọ tí aláìsàn kan fẹ́ fi máa mí. Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó gbórí lé tábìlì, ó dijú.

Ẹnì kan wọlé. "Ẹ sinmi, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Lájídé rò pé Mopélọ́lá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. "O ṣeun."

Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ń dún, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin. Ara tù ú.

Fóònù dún. Ó gbé e láìlajú.

"Bọ̀ọ̀dá Lájídé, Mopélọ́lá ni. Ẹ má bínú, mi ò tíì kúrò nílé."

Bọ́tìnnì dákẹ́.

"Ó kù díẹ̀," ni ohùn ẹni tó wọlé wí létí rẹ̀. "Ẹ má tíì lajú."