Àwọn Egbére Tó Wà ní Woji

Port Harcourt, 1968.

Sájẹ́ǹtì gbé ẹsẹ̀ lé àpótí tó wà lórí ọmọlanke mi, ó ń ka ìwé tó bá lórí ẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta egbére, Woji. Igba àrọ̀nì, Elelenwo. Bàbá, amí ọ̀tá ni ẹ́!"

"Ìtàn lásán ni, ọ̀gá. Iwin ló ń bá iwin jà."

"Pa ẹnu dé! Ṣé o rò pé mùmú ni mí? Ọmọ ogun wa lo ń kà, o wá ń pè wọ́n ní iwin!"

Ó na ìbọn sí mi láyà.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọmọ mi, Ibiere."

"Pè é wá kíá! Kó wá sọ ẹni tó ṣẹ́gun. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ṣófo."

"Inú àpótí tí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé yẹn ló wà, ọ̀gá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Bọ́ǹbù àná ni kò jẹ́ kó parí ẹ̀."