Ìbò Kan Tó Sọnù ní Ìdí-Emi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, ìdajì náà lẹ máa lọ tún sọ ní Tanke, wọ́n á sì pè yín lópùrọ́.

Téèyàn bá ti ré kọjá àdúgbò Ṣàngó dáadáa, á kan abúlé Ìdí-Emi. Láyé bàbá Alhaji Àbdùlkàrímù, ẹgbẹ́ oníṣasùn ni gbogbo abúlé ń dìbò ààrẹ fún. Nígbà tí Alhaji dàgbà, ó ń wọlé kiri, ó ń wàásù, títí ó fi yí gbogbo wọn sí ẹgbẹ́ alátùpà. Bàbá ẹ̀ ò bá a jẹun mọ́ títí tó fi kú.

Ó wá kan àwọn ọmọ. Àwọn tó lọ kàwé gbé ẹgbẹ́ oníkeregbè dé. Hadiyyah, ọmọ Alhaji, ló kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wálé, ó kun èékánná. Alhaji fún un lábẹ.

"Ha á kúrò. Omi ò lè kan èékánná ẹ báyìí. Àlùwàlá ẹ ò pé, ìrun ẹ ò sí."

Ó ha á.

Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ tó kọjá, Alhaji ti wà lábẹ́ igi emi kí àwọn elétò ìdìbò tó dé, bútà omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láníyọnu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń lẹ táyà níbẹ̀, ló bá a gbé àga. Ẹni tó bá ń lọ síbi àpótí, Alhaji á ní, "Àtùpà o." Ẹni tó bá ń bọ̀, á yẹ àtàǹpàkò ẹ̀ wò. Bó bá rí tàdáwà lórí èékánná, á ní, "Bárákà." Ìrun nìkan ló ń gbé e dìde.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò síta lábẹ́ igi náà, keregbè fi ẹyọ kan ju àtùpà lọ.

"Ẹnì kan ló tà wá," Alhaji ní. Hadiyyah ló ń wò. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì ẹ̀ pẹ̀lú Mahmud, ọmọ ẹgbẹ́ oníkeregbè.

"Bàbá, àtùpà ni mo tẹ̀. Mo fi Kùránì búra."

"Má fi Kùránì ṣeré. Mi ò ní fà ọ́ fún un. Kò sì sí àbúrò mi kankan tó máa dúró fún ẹ. Lọ so yìgì ara ẹ."

Lami, ìyá Hadiyyah, kúnlẹ̀. "Alhaji, ẹ dákun, a ti pe àwọn àfáà."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wá mọ́. Bàbá tó bí mi kú láì bá mi jẹun nítorí ìbò. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀rù?"

"Bàbá," Hadiyyah ní, omijé ti bọ́, "bóyá ẹnì kan ni ò dìbò."

"Nínú ilé tèmi? Gbogbo yín, ẹ na àtàǹpàkò yín síta."

Wọ́n nà án. Dúdú ni gbogbo ẹ̀. Alhaji na tiẹ̀ náà sí ojú Hadiyyah, ó ń mì í.

"Ṣé o rí i? Ta ni ò dìbò níbí?"

Láníyọnu ò tiẹ̀ gbé táyà ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Alhaji, èékánná tiyín nìkan ló mọ́."