Bàbá Tó Dúró Ṣánṣán Nínú Fọ́tò

Ojú tì mí nígbà tí Màmá Fadérera dá fọ́tò ìdílé wọn tí mo yà fún wọn létí òkun padà.

“Onífọ́tò, ṣé o mutí ni? Wo òkun bó ṣe fì sápá kan.”

Nígbà tó lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti tún fọ́tò náà ṣe. Bí mo ṣe ń yí òkun kó lè tọ́, gbogbo ìdílé náà ń bá a yí, àfi bàbá arúgbó kan lẹ́yìn wọn tó dúró ṣánṣán. Mo yí i padà. Bàbá kò mì. Omi ń kán níbì kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá náà ti wá kọjú sí mi, ó ń wò mí bí àgbà tí ọmọdé kò kí.

Ojú tún tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.

“Ẹ má bínú, sà. N kò tètè rí yín.”

Lẹ́yìn mi, ẹnì kan rọra dáhùn:

“Ó tó. Dìde, ọmọ mi.”