Fèrèsé Ilé Má-Kọ́-Mi

Ọkùnrin kan wà tí orí rẹ̀ le ju igi tó ń gé lọ. Káfíńtà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbà á nímọ̀ràn. Bí o bá ní kó ṣọ́ra fún ìṣó, yóò ní, "Má kọ́ mi." Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní iyọ̀ ọbẹ̀ ti tó, yóò tún bù kún un, yóò sì fi omi ojú jẹ ẹ́ tán. Ni àdúgbò bá sọ ọ́ ní Má-Kọ́-Mi, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Iṣẹ́ fèrèsé ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò náà ní irú fèrèsé tí wọ́n máa ń tì sókè kó tó ṣí. Irin wúwo méjì ló ń gbé e dúró. Inú férémù ni wọ́n ń fi irin náà pamọ́ sí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, okùn ló sì so wọ́n mọ́ fèrèsé. Bí irin bá wà níbẹ̀, ọmọ kékeré lè ṣí i, ibi tó bá sì tì í dé ló máa dúró sí. Bí kò bá sí irin, gbì ló ń já wálẹ̀.

Irin yìí wá di ọ̀wọ́n. Àwọn káfíńtà yòókù a bẹ oníbàárà pé kó ní sùúrù títí wẹ́dà á fi gé òmíràn. Sùúrù kẹ̀? Má-Kọ́-Mi gba ilé lọ, ó tú férémù pálọ̀ ara rẹ̀, ó yọ irin ibẹ̀ lọ fún oníbàárà. Nígbà tó yá, ó yọ ti yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, bi í pé kí ló ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kò mọ̀ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde ni. Níta, wọ́n ń pariwo pé kò sí káfíńtà tó yára bíi tirẹ̀. Nílé, igi mọ́ọ̀pù ló fi ń ti fèrèsé ró.

Ó wá ku fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ nìkan. Ìyá arúgbó yìí ń ṣàìsàn àyà, èémí kì í délẹ̀ fún un, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ti fèrèsé mọ́ ọn lórí. Lọ́jọ́ tí Má-Kọ́-Mi gbé òòlù wọlé síbẹ̀, ìyá fa àga rẹ̀ sún mọ́ férémù, ó fẹ̀yìn tì í pinpin.

"Má fọwọ́ kàn án," ni ìyá wí. "Èémí mi lo fẹ́ gbé lọ fún oníbàárà rẹ."

"Màámi, igi á gbé e ró."

"Igi kì í ṣe irin. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má kọ́ mi níṣẹ́ mi, màámi."

Ó gbé ìyá tàga tàga kúrò lọ́nà, ó sì yọ irin náà. Ìyàwó ní bó bá jẹ́ pé ìwúwo ni fèrèsé ń fẹ́, òun lè fi aṣọ tó nípọn rán àpò, kí wọ́n rọ iyanrìn sí i títí tí yóò fi wúwo tó irin. Ọkọ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní aránṣọ ti fẹ́ di ọ̀gá káfíńtà, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan férémù òun.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá sùn lọ lọ́sàn-án, igi yọ̀, fèrèsé já, ó pa dé. Nígbà tí ìyàwó fi máa gbọ́, ìyá ti ń rá kiri ilẹ̀, ó ń wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé e síta, wọ́n ń fẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe dé, ìyá sọ fún un pé bí irin òun kò bá padà wálé, òun ń kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Dípò kó tọrọ àforíjì, inú bí i. Ó wọ yàrá, ó ti fèrèsé sókè, ó gbé igi sí i. "Ẹ wá wò ó!" Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ìsàlẹ̀ ojú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá férémù gbàgbàgbà kí wọ́n lè rí i pé kò mì. Igi fò yọ. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni fèrèsé já lé.

Abẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sọ abẹ nù; abẹ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Dókítà gé ìka méjì, ẹ̀kẹta ò sì ká mọ́. Ọwọ́ tí gbogbo àdúgbò ń yìn ò lè di òòlù mú mọ́, àwọn oníbàárà sì gba ọ̀dọ̀ káfíńtà mìíràn lọ. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú ilé tí irin ìyá rẹ̀ wà. Fèrèsé ibẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìyàwó rẹ̀ ò dúró gba àṣẹ. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìwòsàn nígbà tó tú férémù yàrá ìyá, tó rán àpò méjì, tó sì rọ iyanrìn sí wọn. Fèrèsé dúró, ìyá sì jókòó sídìí rẹ̀, ó ń mí, kò kó lọ síbì kankan mọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wálé, ó bá ìyàwó nídìí fèrèsé pálọ̀, ó ń so àpò iyanrìn mọ́ okùn. Ó dúró, ó ń wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Báwo lo ṣe ń so ó?" ló bi í. "Kọ́ mi."

Ìyàwó ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó na okùn sí i, ó ní, "Ẹ fi ọwọ́ òsì dì í mú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń tú ilé yín kí ará ìta lè pè yín ní akíkanjú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ la ní kí a kó ròde, a ò ní kí ẹ kó òpó ilé. Ẹni tó sì ní kí wọ́n má kọ́ òun, ẹ̀kọ́ ò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ fò ó dá. Ó kàn máa kọ́ ọ lọ́dọ̀ ohun tí kò mọ àánú ni. Bí ìyá rẹ bá sọ pé nǹkan ò dúró dáadáa, lọ tún un ṣe kí o tó jáde.